Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Sinimá Tí Ń Jẹ́rìí

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí a ròyìn ebi fún lè mi orí, kí ó káàánú díẹ̀, kí ó sì máa jẹun rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọdé tí ebi ti sọ di egungun lásán, òkèlè kò ní í lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè dé ibi gbogbo. Ọ̀pọ̀ ìyà ni ó wà láyé tí ó jẹ́ pé ní ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń fi í jẹ àwọn tí kò ní olùgbèjà: nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní ìletò tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, nínú àwọn ilé tí àwọn ọlọ́lá kì í yà sí. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ọmọ aráyé ti ní ohun èlò kan tí ń gbé irú ibi bẹ́ẹ̀ wá síwájú ẹni tí ó jókòó sí ilé ara rẹ̀. Ohun èlò náà ni sinimá tí ń jẹ́rìí, èyí tí àwọn tí ń ṣe é ń pè ní dọkumẹ́ńtárì.

Sinimá yìí yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń dá ara yá. Nínú sinimá eré, ẹni tí a rí tí ń sunkún kì í ṣe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. A gbà á síṣẹ́ láti sunkún ni. Bí eré bá parí, yóò nu ojú rẹ̀, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú sinimá tí ń jẹ́rìí, ẹni tí ọ̀ràn kàn gan-an ni ó ń sọ̀rọ̀, ilé tí ó ń gbé gan-an ni a ń wò, bí a bá sì pa ẹ̀rọ tán, ìyà rẹ̀ kò tíì tán. Ará Scotland kan, John Grierson, ni ó fi orúkọ náà pe irú sinimá yìí ní ọdún 1926, nígbà tí ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kan ní ìlú New York nípa sinimá tí Robert Flaherty ṣe ní erékùṣù Samoa. Grierson gbà pé iṣẹ́ sinimá ju kí a fi pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lọ. Ó fẹ́ kí a máa fi han àwọn ará ìlú bí àwọn ọmọnìkejì wọn ti ń gbé.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe ìjọba, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí irú sinimá kan tí ó fi ara jọ èyí. Ní ọdún 1939 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe sinimá fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà. Ọkọ̀ a máa gbé ẹ̀rọ náà kiri láti ìlú dé ìletò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó ta aṣọ funfun sí gbangba, tọmọdé tàgbà yóò sì péjọ síwájú rẹ̀. Ògbufọ̀ a máa fi ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè ṣe àlàyé ní èdè àwọn ará ibẹ̀. A kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó, a kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú oko àti bí a ti ń sá fún àrùn. Ẹ̀kọ́ náà kò burú, ṣùgbọ́n ìhà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ti ń wá: ìjọba ni ó ń sọ̀rọ̀, ará ìlú ni ó ń gbọ́. Ohun tí ó sọ sinimá tí ń jẹ́rìí di ohun pàtàkì ni pé ó yí ètò náà padà. Tálákà a dìde sọ̀rọ̀, alágbára a sì jókòó gbọ́ ọ.

Ìlú London ni a ti rí àpẹẹrẹ èyí tí ó ṣe kedere ní ọdún 1935. Edgar Anstey àti Arthur Elton ṣe sinimá kúkúrú kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Housing Problems. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn, tí ó wúwo púpọ̀ ní ìgbà náà, lọ sí àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Stepney, wọ́n sì gbé e wọ inú àwọn yàrá híhá tí ògiri wọn ti ń ya, tí ìdun àti eku ti sọ di ilé tiwọn. Wọn kò gba òṣèré kankan. Àwọn ará ilé fúnra wọn ni ó kọjú sí ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ròyìn bí wọ́n ti ń gbé. Ruby Grierson, àbúrò John lóbìnrin, ni ó bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọkàn wọn fi balẹ̀ tí wọ́n sì lè la ẹnu wọn láìbẹ̀rù. Obìnrin kan tilẹ̀ sọ ìtàn eku ńlá tí ó bá nínú ilé. Ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà kí a tó gbọ́ ohùn irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú sinimá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé púpọ̀ nípa ilé àwọn tálákà, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀ràn bá kàn ni í mọ bí ó ti rí. Ìwọ̀nba gbólóhùn tí obìnrin kan sọ láàárín ilé ara rẹ̀ lè wọni lára ju ojú ìwé 100 lọ.

Ọdún 10 lẹ́yìn náà ni sinimá wọ inú ilé ẹjọ́ gan-an. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ ní ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ́gun Jámánì wọ àwọn àgọ́ bí Buchenwald, Dachau àti Bergen-Belsen, níbi tí ìjọba Hitler ti kó àwọn Júù àti àwọn mìíràn pamọ́, tí a sì ti pa wọ́n ní ìpakúpa. Àwọn ayàwòrán tí ó bá àwọn ọmọ ogun náà lọ ya gbogbo ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1945, ní ìlú Nuremberg, a fi àwòrán náà hàn fún nǹkan bíi wákàtí kan níwájú àwọn adájọ́ àti àwọn olórí Násì tí a ń bá ṣe ẹjọ́. Àwọn kan nínú wọn kò lè wò ó. Wọ́n yí ojú kúrò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀ràn náà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀, a kọ́kọ́ fi ìwé ìbúra àwọn tí ó ṣe é hàn. Wọ́n búra pé àwọn kò yí ohunkóhun padà nínú ohun tí ẹ̀rọ rí. Gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ti ń búra kí ó tó sọ̀rọ̀ ní kóòtù, bẹ́ẹ̀ náà ni a béèrè ìbúra lọ́wọ́ sinimá.

Ọdún 3 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tí ó péjọ ní ìlú Paris fi ọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ìwé tí ó ní abala 30. Ìwé náà ka ohun tí kò tọ́ kí a fi du ọmọ ènìyàn, ìbáà jẹ́ olówó tàbí tálákà: ẹ̀mí rẹ̀, òmìnira rẹ̀, oúnjẹ àti ilé tí ó yẹ fún un, àti ìdájọ́ òdodo nígbà tí a bá fi ẹ̀sùn kàn án. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe sinimá ti rí òṣùwọ̀n kan gbà. Nígbà tí wọ́n bá fi ìyà ẹnìkan hàn, wọn kò tọrọ àánú nìkan; wọ́n ń béèrè ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ethiopia ní ọdún 1973 fi hàn bí agbára ẹlẹ́rìí yìí ti pọ̀ tó. Ọ̀dá ti wà ní ìgbèríko Wollo. Irè oko kò wá, màlúù kú, àwọn àgbẹ̀ sì fi ilé wọn sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ lọ sí ojú ọ̀nà ńlá láti wá oúnjẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ebi náà pa. Síbẹ̀, ìjọba Ọba Haile Selassie kò fẹ́ kí ayé gbọ́, nítorí pé kò fẹ́ kí orúkọ ilẹ̀ náà bàjẹ́. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún náà, Jonathan Dimbleby, oníròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì, fi sinimá rẹ̀ tí ń jẹ́ The Unknown Famine hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó wò ó rí àwọn ìyá tí ó gbé ọmọ tí kò lè sunkún mọ́ sí ẹsẹ̀. Owó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti ọwọ́ àwọn ènìyàn lásán, oúnjẹ àti oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ebi náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a fi í hàn. Ìtìjú àwọn tí ó fi í pamọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀pọ̀ ènìyàn nìkan ni sinimá ń jẹ́rìí sí. Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà nínú ewu. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1976, a yìnbọn pa ọlọ́pàá kan lóru ní ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. A mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Randall Dale Adams, ní ọdún 1977 a sì dá ẹjọ́ ikú fún un. Ẹ̀rí tí ó dè é wá láti ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 16 lọ nígbà ìpànìyàn náà, ẹni tí ó ti jí mọ́tò tí apànìyàn náà lò, àti láti ẹnu àwọn tí ó ní àwọn rí Adams bí àwọn ti ń kọjá lọ nínú òkùnkùn. Ní ọdún 1979, ó ku ọjọ́ 3 péré kí a pa Adams nígbà tí adájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dúró ná. Lẹ́yìn náà a sọ ìdájọ́ rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n gbére.

Errol Morris kò mọ Adams rí. Sinimá nípa dókítà kan tí ó máa ń jẹ́rìí nínú ẹjọ́ àwọn apànìyàn ni ó ń wá ṣe nígbà tí ó bá a pàdé nínú ẹ̀wọ̀n. Bí ó ti ka ìwé ẹjọ́ náà, ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò bá ara mu. Ó lọ wá àwọn ẹlẹ́rìí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ títí níwájú ẹ̀rọ. Kò bú wọn, kò sì pè wọ́n ní òpùrọ́. Ẹnu ara wọn ni ó tú wọn fó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ̀sùn kan Adams, ẹni tí ó ti di àgbà tí òun náà sì ti wà nínú ẹ̀wọ̀n nítorí ìpànìyàn mìíràn, sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ dájú pé Adams kò jẹ̀bi. A fi sinimá náà, The Thin Blue Line, hàn ní ọdún 1988. Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, ilé ẹjọ́ fagi lé ìdájọ́ náà, Adams sì jáde lẹ́yìn ọdún 12. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá.

Nàìjíríà náà ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, Ruona Meyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní BBC Africa Eye ṣe sinimá kan nípa oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine nínú. Bí ènìyàn bá lò ó gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí, oògùn náà ń dá ikọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti ń mu ún bí ẹni mu ọtí, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrú rẹ̀. Àwọn oníròyìn náà fi ẹ̀rọ pamọ́ sára, wọ́n sì ya àwọn tí ń tà á ní ìkọ̀kọ̀. Ní ìlú Kano, wọ́n fi ibi kan hàn tí a ti fi ẹ̀wọ̀n de àwọn tí oògùn náà ti dà lọ́pọlọ rú. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí ìjọba àpapọ̀ fi pàṣẹ, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, pé kí a má ṣe po irú oògùn ikọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí a má sì kó o wọlé láti òkè òkun. Àwọn òbí àti olùkọ́ ti ń kígbe ṣáájú ìgbà náà. Àfojúbà ni ó mú kí a tètè dá igbe wọn lóhùn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ènìyàn gba ẹlẹ́rìí gbọ́ kìkì nítorí pé ó lè sọ̀rọ̀. Ojú pàápàá ṣeé tàn jẹ. Ní ọdún 1922, Flaherty kan náà tí a dárúkọ ṣáájú ṣe sinimá kan tí ó lókìkí, Nanook of the North, nípa àwọn Inuit ní ìhà àríwá Kánádà, níbi tí yìnyín pọ̀ sí. Àwọn ènìyàn náà ti ń lo ìbọn nígbà náà, ṣùgbọ́n Flaherty fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ dọdẹ bí ti àwọn baba ńlá wọn. Yàrá yìnyín tí a rí wọn tí wọ́n sùn sí kò pé. A ṣí ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún ẹ̀rọ. Orúkọ ọkùnrin náà pàápàá kì í ṣe Nanook, Allakariallak ni. Àwọn tí ó wò ó kò sì mọ̀. Morris náà lo òṣèré láti ṣe àfihàn ìpànìyàn inú sinimá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é ní oríṣiríṣi, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ti wí, kí olùwòran lè rí i pé gbogbo wọn kò lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan fi ọgbọ́n bo òtítọ́. Èkejì fi ọgbọ́n wá a rí.

Ewu mìíràn wà nínú bí a ti ń to àwòrán. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, àwọn ológun ilẹ̀ Ethiopia mú sinimá Dimbleby, wọ́n fi àwòrán àsè àti ọlá Ọba Haile Selassie há a láàárín, wọ́n sì fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n yọ ọba lórí oyè. Ebi náà kì í ṣe irọ́, àsè náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tò wọ́n pọ̀ ní ohun tí wọ́n ń wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn ológun yìí pa àwọn ìjòyè bí 60 láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, ní ọdún 1984 ebi ńlá mìíràn sì tún jà lábẹ́ ìjọba tiwọn. Bákan náà, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó náwó sí sinimá. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta gáàsì ni ó náwó sí Housing Problems, wọ́n sì mọ̀ pé bí a bá kọ́ ilé titun fún àwọn tálákà, a ó máa fi gáàsì dáná nínú wọn. Èyí kò sọ ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó sọ ìtàn eku di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùwòran mọ̀ ọ́n.

Àwọn alágbára náà mọ agbára ẹlẹ́rìí yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ nígbà mìíràn. Ní ọdún 2012, Ishaya Bako ṣe Fuelling Poverty, sinimá tí kò tó wákàtí kan, nípa owó ìrànwọ́ orí epo mọ́tò àti ìwọ́de tí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà. Wole Soyinka wà lára àwọn tí a gbọ́ ohùn wọn nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, àjọ tí ń yẹ sinimá wò ní Nàìjíríà kọ̀ láti jẹ́ kí a fi í hàn ní gbangba, wọ́n ní ó lè dá rúgúdù sílẹ̀. Ní oṣù kan náà ni a fún un ní ẹ̀bùn sinimá òtítọ́ tí ó dára jùlọ níbi ayẹyẹ àwọn aṣe-sinimá ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ tí ì bá má gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni ó sì wá a lọ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n kì í wo irú sinimá yìí bí ẹni ń wo eré. Yóò béèrè pé, Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ṣé ẹni tí ọ̀ràn kàn ni tàbí ẹni tí ń gba ẹnu rẹ̀ sọ? Ta ni ó náwó sí i? Kí ni a gé kúrò? Ǹjẹ́ a gbọ́ ti ẹnì kejì? Nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Yóò sì tún béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó jẹ́rìí lẹ́yìn tí àwọn aṣe-sinimá bá ti kó ẹ̀rọ wọn lọ? Ẹni tí ó tú àṣírí ìkà yóò tún padà sùn ní àdúgbò tí ìkà náà wà. Ìdí nìyí tí olóòótọ́ aṣe-sinimá fi ń bo ojú ẹlẹ́rìí mìíràn, tí ó sì ń yí ohùn rẹ̀ padà kí a má bàa dá a mọ̀.

Paríparí rẹ̀, ẹlẹ́rìí kì í ṣe adájọ́. Sinimá Morris kò ní kọ́kọ́rọ́ tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Àwọn agbẹjọ́rò ni ó tún ẹjọ́ gbé lọ, àwọn adájọ́ ni ó sì fagi lé ìdájọ́. Sinimá Dimbleby kò bọ́ ẹnikẹ́ni; owó tí àwọn tí ó wò ó dá ni ó di oúnjẹ. Bí olùwòran bá sunkún tán tí ó sì dìde lọ sùn, ẹlẹ́rìí ti ṣe ìpín tirẹ̀, ó ku ti olùwòran. Ìròyìn kò tó àfojúbà, bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ojú ba ọ̀ràn náà kò tún lè sọ láéláé pé òun kò mọ̀.